Orúkọ Kan, Ojú Púpọ̀: Bí Ó Ti Yẹ Kí Àká Àkọsílẹ̀ Elédè Púpọ̀ Fi Èsì Hàn

Ọ̀rọ̀ ọba, ọ̀rọ̀ ogun, àti bí a ti tẹ ìlú kọ̀ọ̀kan dó ni ẹ̀yin òǹkàwé wa máa ń bá pàdé nínú irú ìwé pélébé báyìí. Èyí tí a kọ ní àkókò yìí yàtọ̀ díẹ̀. Kì í ṣe ìtàn fúnra rẹ̀ ni a fẹ́ sọ, bí kò ṣe ọ̀nà tí ẹni tí ń wá ìtàn fi ń rí i, àti ọ̀nà tí ó fi ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé tí ó sọ nípa àwọn baba wa ni a ti kó sínú kọ̀ǹpútà nísinsìnyí, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kà wọ́n ní láti kọ́kọ́ béèrè wọn lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá dáhùn pé kò sí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò gbà pé kò sí lóòótọ́, wọn yóò sì yí padà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Ní àìpẹ́ yìí, àwa mélòó kan péjọ sí ilé olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìntì, ní Alekuwodo ní ìlú Òṣogbo. A fẹ́ wá ìwé nípa ogun Òṣogbo, èyí tí ó jà ní nǹkan bí ọdún 1840, nínú èyí tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ti ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Ìlọrin. A ti gbọ́ nípa àká àkọsílẹ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a sì ti sọ fún wa pé ó gba èdè púpọ̀. Olùkọ́ náà, ẹni tí ó ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn ọmọ wa ní àmì ohùn, tẹ orúkọ ìlú rẹ̀ bí ó ti tọ́ àti bí ó ti yẹ: Òṣogbo. Ẹ̀rọ dáhùn pé kò sí nǹkan kan. Ó mú àmì orí rẹ̀ kúrò, ó tẹ Oṣogbo. Kò sí síbẹ̀. Ó mú àmì abẹ́ rẹ̀ kúrò, ó tẹ Osogbo; ìwé mélòó kan jáde. Nígbà náà ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ó jókòó tì wá, wí jẹ́jẹ́ pé, “Bàbá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi h sí i.” Ó tẹ Oshogbo, ìwé sì tú jáde bí ọ̀wọ́ ìjàlọ.

Inú wa dùn pé a rí ohun tí a wá. Ṣùgbọ́n ó dùn wá pé ẹni tí ó kọ orúkọ ìlú rẹ̀ dáadáa ni a dá padà lọ́wọ́ òfo, nígbà tí a sì ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí ó kọ ọ́ bí àlejò ti ń kọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń wádìí ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Àbájáde ìwádìí wa nìyí.

1. Ohun tí àká àkọsílẹ̀ jẹ́

Àká ni àgbẹ̀ ń kó àgbàdo rẹ̀ sí nítorí ọjọ́ ọ̀la. Bákan náà, ohun tí a ń pè ní àká àkọsílẹ̀ ni ibi tí a kó ìwé, orúkọ, àwòrán tàbí ìròyìn jọ sí nínú kọ̀ǹpútà, tí a sì tò wọ́n kí ó lè rọrùn láti mú ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde. Ẹni tí ń wá nǹkan tẹ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀rọ wọ inú àká lọ. Ó sì kó ohun tí ó bá rí wá sí ojú ẹni náà. Ohun tí ó kó wá yìí ni a ó máa pè ní èsì.

Iṣẹ́ méjì ni ó wà nínú èyí, ó sì yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀. Èkíní ni wíwá, tí ó ń lọ ní ibi tí ojú wa kò dé. Èkejì ni fífi hàn, tí ó wà ní gbangba ní iwájú wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ kan náà ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí ó tọ́ nínú èkíní lè jẹ́ àṣìṣe ńlá nínú èkejì, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú.

2. Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun

Kí a má ṣe rò pé kọ̀ǹpútà ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíkó èdè púpọ̀ jọ sí ojú kan. Ní ọdún 1854 ni a tẹ ìwé ńlá kan jáde ní London tí à ń pè ní Polyglotta Africana. Ẹni tí ó ṣe é ni Sigismund Koelle, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tí ẹgbẹ́ C.M.S. rán lọ sí Sàró. Ní Freetown, níbi tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ń kó àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú sọ̀kalẹ̀, Koelle rí àwọn ènìyàn tí wọ́n ti ibi púpọ̀ wá ní Áfíríkà. Ó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bi gbogbo wọn ní ọ̀rọ̀ kan náà, tí iye rẹ̀ súnmọ́ 300, ní èdè tí ó lé ní 100. Láàrin wọn ni àwọn ènìyàn wa wà, tí àwọn ará Sàró ń pè ní Aku, nítorí pé “ẹ kú” ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde ní ẹnu wọn nígbà tí wọ́n bá ń kí ara wọn. Koelle kò sì da gbogbo wọn pọ̀: ó kọ ti Ìjẹ̀ṣà lọ́tọ̀, ó kọ ti Ẹ̀gbá lọ́tọ̀, ó sì kọ ti Ìjẹ̀bú lọ́tọ̀.

Ohun mẹ́ta ni Koelle ṣe tí ó yẹ kí a fi sí ọkàn. Èkíní, ó to àwọn èdè sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní ojú ewé kan náà, àwọn tí wọ́n jẹ́ ìbátan ní ìtòsí ara wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá ṣí ìwé náà yóò fi rí bí ìtumọ̀ kan ṣoṣo ti ń jáde ní ẹnu púpọ̀. Èkejì, ó kọ orúkọ èdè kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣi í mú fún òmíràn. Ẹ̀kẹta, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ó sọ ẹni tí ó gbọ́ èdè kọ̀ọ̀kan lẹ́nu rẹ̀, àti fún púpọ̀ nínú wọn, bí ẹni náà ti ṣe bọ́ sí oko ẹrú. Pẹ̀lú kálámù àti bébà ni ó fi ṣe gbogbo èyí. Kò sí ìdí tí ẹ̀rọ òde òní yóò fi ṣe èyí tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

3. Bí orúkọ kan ti di púpọ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n kọ orúkọ wa sínú ìwé kì í ṣe ará ilé nígbà gbogbo, olúkúlùkù sì wo ilé tirẹ̀ kí ó tó kọ ọ́. Ọ̀nà mẹ́rin ni a ti rí tí orúkọ kan ṣoṣo fi di púpọ̀.

Èkíní ni ọwọ́ àwọn àlejò. Ní 1843 ni Samuel Crowther, ọmọ Òṣoògùn, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, àwọn ìwé ìgbà náà a sì máa kọ orúkọ àbísọ rẹ̀ ní Adjai, èyí tí àwa ń kọ ní Àjàyí. Ní 1875 ni ẹgbẹ́ C.M.S. pe ìpàdé kan sí Èkó láti fi ìdí ọ̀nà ìkọ̀wé Yorùbá múlẹ̀. Síbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn tí ń ya àwòrán ilẹ̀ kò tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn kò ní ṣ, wọ́n sì ń kọ sh dípò rẹ̀. Nígbà tí ojú irin dé ìlú Òṣogbo ní 1907, Oshogbo ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé wọn. Ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí òkìkí àwọn ayàwòrán àti àwọn òṣèré ìlú náà kàn ká gbogbo ayé, Oshogbo náà ni ayé fi mọ̀ wọ́n. Ìwé pàtàkì tí J. D. Y. Peel kọ nípa ilẹ̀ Iléṣà, tí a tẹ̀ ní 1983, ń jẹ́ Ijeshas and Nigerians. Ẹ̀rọ tí kò mọ ju bí a ti tẹ ọ̀rọ̀ lọ kò ní mú un wá fún ẹni tí ó tẹ Ìjẹ̀ṣà.

Èkejì ni ọwọ́ àwa fúnra wa. Ní 1974 ni ìjọba fi ọwọ́ sí ọ̀nà ìkọ̀wé tí à ń lò lónìí. Ṣáájú ìgbà náà, enia ni a ń kọ, kì í ṣe ènìyàn. Aiye ni, kì í ṣe ayé. Nwọn ni, kì í ṣe wọ́n. Bíbélì Yorùbá tí a kọ́kọ́ tẹ̀ lódindi ní 1884, ìwé orin wa, àti ìwé àwọn baba wa lórí ìtàn, gbogbo wọn ni ó wà ní ọ̀nà ìkọ̀wé àtijọ́. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá tẹ ènìyàn kì yóò rí enia, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ẹ̀kẹta ni òkun. Àwọn ènìyàn wa tí a kó kọjá òkun mú orúkọ wọn lọ, àwọn ilẹ̀ tí wọ́n dé sì kọ ọ́ ní ọ̀nà tiwọn. Odò Ọ̀ṣun, tí ó ṣàn kọjá ìlú wa, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ní Oshun, àwọn ará Kúbà ní Ochún, àwọn ará Bràsíl ní Oxum. Ìjẹ̀ṣà di Ijexá ní Bràsíl, ó sì di Iyesá ní Kúbà. Orúkọ gbogbo wa lápapọ̀ pàápàá kò jẹ́ ọ̀kan: Yorouba ni nínú ìwé Faransé, Nagô ni ní Bràsíl, Lucumí ni ní Kúbà, Aku ni ní Sàró.

Ẹ̀kẹrin ni ààlà ìjọba. Ìlú kò kúrò ní ojú kan, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ rẹ̀ ń yí padà. Abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ni Òṣogbo àti Iléṣà wà títí di 1967 tí ó di Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn. Ní 1976 wọ́n bọ́ sí abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 ni a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, tí Òṣogbo sì di olú ìlú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wá ìwé ọdún 1980 nípa Iléṣà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun nìkan, ó ń wá a ní ilé tí a kò tíì kọ́ nígbà náà.

4. Ohun tí ẹ̀rọ ń rí

Ó yẹ kí a mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ni ó mọ̀. Ìlànà kan wà tí à ń pè ní Unicode, tí a kọ́kọ́ gbé jáde ní 1991, tí ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nínú ìlànà yìí, ẹ ní nọ́ńbà, ọ ní nọ́ńbà, ṣ náà sì ní. Ṣùgbọ́n a tún lè kọ ẹ ní ọ̀nà mìíràn, nípa kíkọ e lásán, kí a sì fi àmì abẹ́, tí ó ní nọ́ńbà tirẹ̀, tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó bá sì kan ẹ́, tí ó ní àmì lórí àti lábẹ́, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún un rárá. A ní láti so ó pọ̀ ni. Àwọn ìwé mìíràn a sì máa fi ìlà kékeré sí abẹ́ lẹ́tà dípò ẹyọ àmì róbótó, ìlà náà sì ní nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Nítorí èyí, ènìyàn méjì lè kọ ọ̀rọ̀ kan náà, kí ojú wa rí i bí ọ̀kan, kí ẹ̀rọ sì wí pé méjì ni. Bí àwọn tí wọ́n ṣètò àká kò bá kọ́ ẹ̀rọ láti sọ gbogbo wọn di ọ̀kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá, ẹni tí ó tẹ ọ̀rọ̀ ní pípé ni yóò kọ́kọ́ jìyà.

Àwọn kan rò pé àtúnṣe rẹ̀ ni kí a gé gbogbo àmì dànù. Ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Gé àmì kúrò lára owó tí à ń ná, ọwọ́ tí à ń fi ṣiṣẹ́, ọwọ̀ tí à ń fi gbálẹ̀, òwò tí à ń ṣe, ọ̀wọ̀ tí à ń bù fún àgbà, àti ìlú Ọ̀wọ̀. Gbogbo wọn di owo. Gé àmì kúrò lára Ọ̀ṣun, ó sì di ọ̀kan náà pẹ̀lú osùn tí à ń fi kun ara. Ẹni tí ó wá ìtàn odò lè bá ara rẹ̀ láàrin ìwé tí ń sọ nípa àtíkè àwọn ìyàwó.

Nǹkan kan tún kù, èyí ni ètò lẹ́tà. Nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, tí ó jẹ́ 25, ẹ tẹ̀ lé e, gb tẹ̀ lé g, ọ tẹ̀ lé o, ṣ sì tẹ̀ lé s. Ẹ̀rọ tí ó ń to orúkọ ní ètò Gẹ̀ẹ́sì yóò fi Gbádébọ̀ ṣáájú gèlè, èyí tí kò bá ètò wa mu. Èyí tí ó sì ń tẹ̀ lé nọ́ńbà lásán yóò gbé gbogbo orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ẹ, Ọ àti Ṣ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn Z, lẹ́tà tí àwa kò tilẹ̀ ní. A ti rí àgbàlagbà tí ó wá orúkọ ìdílé rẹ̀ nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, tí ó dé ibi tí ó yẹ kí ó wà, tí kò bá a níbẹ̀, tí ó sì kúrò pẹ̀lú ìbànújẹ́, nígbà tí orúkọ náà wà ní ẹsẹ̀ ìwé tí kò dé.

5. Bí ó ti yẹ kí a fi èsì hàn

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ohun tí àwa gbà pé ó tọ́ ni pé kí ẹ̀rọ ní àánú nígbà tí ó bá ń wá, kí ó sì ṣe òótọ́ nígbà tí ó bá ń fi hàn. A ó pín in sí ọ̀nà márùn-ún.

Èkíní: kí ó wá káàkiri, ṣùgbọ́n kí ó fi èyí tí ó bá a mu jù lọ ṣáájú. Ẹni tí ó tẹ Òṣogbo, Osogbo tàbí Oshogbo, kí ó rí gbogbo wọn. Ẹni tí ó sì fi ara balẹ̀ tẹ ọ̀wọ̀ pẹ̀lú àmì, kí ó kọ́kọ́ rí ọ̀wọ̀, kí owó àti òwò wà ní ìsàlẹ̀. Kí a má ṣe fi àìní àmì jẹ ẹnikẹ́ni níyà, kí a má sì ṣe sọ iṣẹ́ ẹni tí ó fi àmì sí i di asán.

Èkejì: kí ó fi àkọlé ìwé hàn bí ẹni tí ó kọ ọ́ ti kọ ọ́. Ijeshas ni Peel kọ. Kí ó wà bẹ́ẹ̀. Enia ni ó wà nínú ìwé àtijọ́. Kí a má ṣe tún un kọ. Àkọsílẹ̀ tí a bá yí padà kì í ṣe ẹ̀rí mọ́. Ṣùgbọ́n kí a kọ orúkọ náà bí ó ti tọ́ ní èdè wa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí òǹkàwé lè rí méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀kẹta: kí ó sọ èdè tí èsì kọ̀ọ̀kan jẹ́, gẹ́gẹ́ bí Koelle ti ṣe. Àká kan wà tí à ń pè ní Wikidata, tí a bẹ̀rẹ̀ ní 2012, nínú èyí tí ohun kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, tí a sì lè kọ orúkọ rẹ̀ ní èdè púpọ̀ sí abẹ́ nọ́ńbà náà. Bí òǹkàwé bá yan Yorùbá, tí kò sì sí orúkọ ní Yorùbá, a fi ti èdè mìíràn hàn án, a sì kọ orúkọ èdè náà ní wínníwínní sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí dára. Ohun tí kò dára ni kí a gbé Gẹ̀ẹ́sì ka iwájú ènìyàn láìsọ nǹkan kan, bí ẹni pé ohun tí ó béèrè nìyẹn. Ó sì yẹ kí a lè mọ iye tí ó wà ní èdè kọ̀ọ̀kan, kí a sì lè yan ọ̀kan nínú wọn. Nítorí bí ogójì ìwé Gẹ̀ẹ́sì bá ṣáájú, tí ìwé Yorùbá kan ṣoṣo sì wà ní ìkọkànlélógójì, a kò fi í hàn. A sin ín ni.

Ẹ̀kẹrin: kí ètò rẹ̀ jẹ́ ètò èdè ẹni tí ń kà á. Fún Yorùbá, kí ọ wà lẹ́yìn o, kí gb sì wà lẹ́yìn g. Ohun tí ọmọ wa kọ́ ní kíláàsì kìíní kò yẹ kí ó di àṣìṣe nígbà tí ó bá dé iwájú ẹ̀rọ.

Ẹ̀karùn-ún: kí ó sọ ìdí tí ó fi mú èsì kọ̀ọ̀kan wá. Bí ènìyàn bá wá Ọ̀ṣun tí ìwé kan láti Bràsíl sì jáde, kí a kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé Oxum ni wọ́n ń pe Ọ̀ṣun níbẹ̀. Àwọn ilé ìkówèésí ńlá ti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti parapọ̀ ṣe irú èyí fún orúkọ àwọn òǹkọ̀wé nínú àkójọ tí à ń pè ní VIAF, níbi tí gbogbo ojú tí orúkọ ẹnì kan ní ti wà lábẹ́ nọ́ńbà kan. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra, nítorí ìbátan kì í ṣe ọ̀kan náà nígbà gbogbo. Ní Bràsíl, Ijexá jẹ́ orúkọ ìlù kan pẹ̀lú. Bí a bá da ìlù náà pọ̀ mọ́ ìtàn Ọwá Iléṣà láìsọ ìyàtọ̀ rẹ̀, a ti ṣi ènìyàn lọ́nà.

Ẹnì kan nínú wa tako ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní bí ẹ̀rọ bá ń gba ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì, àwọn ọmọ wa yóò ya ọ̀lẹ, wọn kì yóò kọ́ àmì mọ́. Àwa rò ó dáadáa, a sì rí i pé òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Ọmọ tí a bá lé padà kò kọ́ nǹkan kan ju pé orúkọ rẹ̀ kò sí lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó tẹ Osun, tí ó sì rí Ọ̀ṣun ní iwájú rẹ̀ nínú èsì, ti kọ́ àmì mẹ́ta láìsí pàṣán. Olùkọ́ rere a máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ní àbùkù, a sì dá a lóhùn ní pípé. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí àká rí.

6. Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi wúwo

Ẹlòmíràn lè béèrè pé, kí ni àmì kékeré lè bàjẹ́? Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan dáhùn. Nínú àká SlaveVoyages, tí ó ń sọ ìtàn òwò ẹrú kọjá òkun, orúkọ àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó lé ní 91,000 wà níbẹ̀, tí a gbà nínú ọkọ̀ olówò ẹrú ní ìgbà tí òfin ti ka òwò náà léèwọ̀. Àwọn akọ̀wé ilé ẹjọ́ ní Freetown àti ní Havana ni wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ bí etí wọn ti gbọ́ ọ, ti Freetown ní ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ti Havana ní ọwọ́ Sípéènì. Àwọn tí wọ́n ṣètò orúkọ wọ̀nyí ti bẹ àwọn tí ń sọ èdè Áfíríkà pé kí wọ́n ran àwọn lọ́wọ́ láti mọ èdè tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ti wá.

Ẹ rántí pé àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ wa. Ní 1821 ni a mú Àjàyí fúnra rẹ̀ ní Òṣoògùn. Ní 1822 ni a gbà á sílẹ̀, tí ó sì gúnlẹ̀ ní Freetown. Ìtàn tirẹ̀ kò sọnù, nítorí ó di ẹni ńlá, ó sì kọ ìwé. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n bá a wà ní ipò kan náà, tí wọn kò kọ ìwé kankan, orúkọ kan ṣoṣo tí akọ̀wé àjèjì kọ sílẹ̀ ni gbogbo ohun tí ó kù nípa wọn ní ayé. Bí ẹ̀rọ bá fi kìkì ohun tí akọ̀wé kọ hàn, ọmọ wọn kì yóò mọ̀ ọ́n nígbà tí ó bá rí i. Bí ó bá fi kìkì ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé rò pé orúkọ náà jẹ́ hàn, a ti pa ẹ̀rí rẹ́, bí èrò wọn bá sì kùnà, kò sí ọ̀nà àtipadà. Méjèèjì ni kí a fi hàn pọ̀, kí a sì sọ èyí tí ó jẹ́ ẹ̀rí àti èyí tí ó jẹ́ èrò.

7. Iṣẹ́ tí ó kù fún wa

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí ni ó wà lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ. Díẹ̀ nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin tí ń tọ́jú ìwé ìjọ, nígbà tí a bá fẹ́ kó ìwé ìrìbọmi tàbí ìwé ìgbéyàwó sínú kọ̀ǹpútà, ẹ kọ orúkọ bí ó ti wà nínú ìwé, kí ẹ sì kọ ọ́ pẹ̀lú àmì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nígbà tí àwọn àgbà tí wọ́n mọ bí a ti ń pè é ṣì wà láàyè. Ẹ wo Alekuwodo. A kọ orúkọ àdúgbò náà láìsí àmì nínú ìwé yìí, bí a ti máa ń kọ ọ́ nínú àdírẹ́sì. Ẹni tí a bí síbẹ̀ kò nílò àmì. Láti ẹnu ìyá rẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí i nínú àká ní London tàbí ní Bahia kò ní ìyá yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí àwọn tí wọ́n bí i síbẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un ní pípé.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé bí ẹ̀rọ bá wí pé kò sí, kí wọ́n má ṣe gbà á gbọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́. Kí wọ́n fi ṣ wá a, kí wọ́n fi s wá a, kí wọ́n fi sh wá a. Kí wọ́n wá enia lẹ́yìn ènìyàn. Kí wọ́n béèrè pé abẹ́ ìjọba wo ni ìlú náà wà ní ọdún tí a kọ ìwé náà. Ẹ sì kọ́ wọn pẹ̀lú pé mímọ bí àlejò ti ń kọ orúkọ wa kò sọ pé kí a fi sílẹ̀ láti máa kọ ọ́ bí ó ti tọ́.

Olùkọ́ wa ní Alekuwodo ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé ìpàdé wa, ó pe àwọn ọmọ àdúgbò jọ, ó sì kọ orúkọ ìlú wọn ní ọ̀nà mẹ́rin sí ara pátákó: Oshogbo, Osogbo, Oṣogbo, Òṣogbo. Ó wí fún wọn pé, “Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ fi wá a. Èyí tí ó kẹ́yìn ni kí ẹ fi kọ ọ́.” Ìmọ̀ràn tiwa náà nìyẹn fún gbogbo ẹni tí ó bá ka ìwé yìí.